Ìjàkadì Pẹ̀lú Ọkàn: Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ń Ra Tí Ń Tà Lórí Fóònù

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan ń lọ ní ìlú Ọ̀fà yìí tí kò yẹ kí a máa fi ọwọ́ bo ẹnu wò. Láti agbègbè Pólì Ìjọba Àpapọ̀ títí dé àárín ìlú, bí a bá rí ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n tẹ orí ba lé fóònù, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ra owó ilẹ̀ òkèèrè kí ó sì máa tà á, tàbí kí ó máa lé owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní crypto kiri. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, à bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn òbí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ọgbà mọ́sáláṣí. Wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n ń fi Bísímíláì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi àdúà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ni pé àìmọ̀ nìkan ni ó bà òwò yìí jẹ́. Pé ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń díwọ̀n ewu, tí ó sì lè kó ọkàn ara rẹ̀ níjàánu, oníṣòwò halálì ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ayé Ànábì.

Àwa sọ pé òdodo díẹ̀ ni wọ́n fi bo irọ́ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Òdodo ni pé ó yẹ kí ènìyàn díwọ̀n ewu, ó sì yẹ kí ó kó ọkàn rẹ̀ níjàánu. Irọ́ ni pé méjèèjì yìí lè sọ ohun tí kì í ṣe òwò di òwò.

Ní apá kejì, àwọn àgbà kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, tẹ́tẹ́ ni, haráàmù ni, ọ̀rọ̀ ti tán. A kò fara mọ́ tiwọn náà. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ ní èèwọ̀, ó ti kọjá ààyè rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sì rò pé ẹ̀sìn kò ní ìmọ̀ kankan lórí ọ̀rọ̀ owó, wọn yóò sì lọ jókòó síwájú ẹni tí yóò tàn wọ́n jẹ.

EWU NÍNÚ ÒWÒ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Kò sí òwò tí kò ní ewu. Ìyá wa tí ó ń ta iṣu ní ọjà Owódé, nígbà tí ó bá san owó iṣu sílẹ̀ ní oko, kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò kọṣẹ́ lọ́nà, kò mọ̀ bóyá iṣu yóò jẹrà, kò sì mọ iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kó wọ ọjà ní ọ̀la. Ànábì wa fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ ìjíṣẹ́ tó dé bá a, kó ọjà ìyá wa Khadījah lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá, aṣálẹ̀ kò sì fi ìgbà kan ṣàìní ọlọ́ṣà. Àwọn onímọ̀ ti fa òfin kan yọ láti inú hádíìsì pé ẹni tí yóò jẹ èrè nǹkan ni àdánù nǹkan náà gbọdọ̀ wà ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ba ríbà jẹ́ nìyí: olówó èlé fẹ́ èrè, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àdánù kan òun. Nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 275, Ọlọ́hun ya kárà-kátà sọ́tọ̀ kúrò lára ríbà. Ó ṣe ọ̀kan ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èkejì ní èèwọ̀.

Níbo wá ni ààlà wà? Ìbéèrè mẹ́ta ni ìyá oníṣu lè dáhùn láìfi àkókò ṣòfò. Èkíní: kí ni o rà? Iṣu. Èkejì: ǹjẹ́ ó di tìrẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ilé mi. Ẹ̀kẹta: owó ta ni o fi rà á? Owó ọwọ́ mi ni, tàbí ti ẹni tí ó bá mi dòwò pọ̀, tí a jọ máa pín èrè, tí a jọ máa fara gbá àdánù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé òwò orí fóònù yín ka iwájú ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Nínú òwò forex gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lórí fóònù, ọ̀dọ́ kan yóò kó ₦50,000 fún alágbàtà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní erékùṣù kan tí ọmọ náà kò lè nawọ́ sí lórí àwòrán ayé. Alágbàtà yóò sọ fún un pé òun yóò sọ agbára owó náà di ìlọ́po 100, kí ó lè di ẹni tí ń náwó ₦5,000,000 lọ́jà. Inú ọmọ yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí iye ohun tí ó rà bá fi ìdá 1 péré nínú 100 yí padà lòdì sí i, àdánù rẹ̀ jẹ́ ₦50,000, gbogbo ohun tí ó ní nìyẹn. Ìròyìn kan ṣoṣo láti Amẹ́ríkà sì lè mú kí owó ilẹ̀ kan rìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Àwọn alágbàtà mìíràn ń fúnni ní ìlọ́po 500. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn, ìdá 1 nínú 500 ti tó láti gbá ọwọ́ ènìyàn mọ́ tónítóní, kí ó tó mu omi tán.

Kí ni ó rà? Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ, kò ra nǹkan kan. Kò sí dọ́là tí ó wọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tí yóò wọ̀ ọ́. Òun àti alágbàtà kàn jọ fohùn ṣọ̀kan pé bí iye bá gòkè, ẹnìkan yóò san ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkejì, bí ó bá sì sọ̀kalẹ̀, èyí tí ó gbà lánàá yóò san án. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé pàṣípààrọ̀ wúrà àti fàdákà gbọdọ̀ jẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní ìjókòó kan náà. Àwọn onímọ̀ òde òní sì ti gbé owó ìwé sí ipò kan náà.

Owó ta ni ó fi rà á? Owó àyálò ni. Bí òwò náà bá sì sun ìta di ọjọ́ kejì, alágbàtà yóò máa ka èlé lé e lórí. Àwọn olùkọ́ yín yóò sọ pé àkáǹtì Ìsìláàmù wà tí kò ní èlé. Ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni ó mú kí alágbàtà yá yín lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yá yín nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ ti rà kí ẹ sì ti tà, ó sì ń jẹ lórí rírà àti lórí títà. Ànábì wa kọ̀ fún wa láti so àyálò pọ̀ mọ́ títà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Àgbáyé jókòó ní Mẹ́kà ní ọdún 2006, irú òwò àyálò yìí gan-an ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ pé kò tọ́. Ríbà, sísọ àyálò pọ̀ mọ́ títà, àti ìpalára tí ó ń ṣe fún ènìyàn àti fún ìlú wà lára ìdí tí wọ́n là sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ti àwọn àáfà, kí ó gbọ́ ti àwọn òyìnbó. Ní ọdún 2018, ESMA, àjọ tí ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní ilẹ̀ Yúróòpù, sọ pé láàárín 74 sí 89 nínú gbogbo 100 àkáǹtì àwọn ará ìlú lásán ni ó ń pàdánù owó nínú irú òwò ìyàtọ̀-iye yìí. Wọ́n dé àyálò mọ́lẹ̀ kí ó má kọjá ìlọ́po 30, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn alágbàtà pé kí wọ́n kọ iye oníbàárà wọn tí ń pàdánù síta kí gbogbo ayé rí i. Ilẹ̀ tí a ti ń mu ọtí tí a sì ń ta tẹ́tẹ́ ní gbangba ni wọ́n ti ṣe òfin yìí. Ṣé àwa tí Àlùkùránì wà lọ́wọ́ wa ni a óò wá máa pè é ní ìlànà ìbùkún?

ÀWỌN TÍ Ń KỌ́ YÍN NÍ ÌDÍWỌ̀N EWU

Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín kò burú nínú ara rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ má ṣe fi ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 owó yín wewu lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ fa ààlà àdánù sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Kí ẹ máa kọ gbogbo rírà àti títà yín sínú ìwé. Kí ẹ má sì ṣe fi ìbínú padà sínú ọjà. Ọgbọ́n ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ṣíbí kékeré mu ọtí, ọtí ni ó ń mu. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í wẹ haráàmù mọ́.

Ẹ tún bi wọ́n nípa oúnjẹ tiwọn. Bí òwò náà bá dùn tó bí wọ́n ti ń sọ, kí ni ó dé tí wọ́n fi ń gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí owó ilé san? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alágbàtà ni ó ń san owó ẹ̀yìn fún ẹni tí ó bá mú oníbàárà wá. Lọ́dọ̀ àwọn kan, bí oníbàárà náà bá ti ń rà tí ó ń tà tó ni owó ẹ̀yìn yóò ti máa wọlé tó, bí ó jèrè bí kò jèrè. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, inú àdánù oníbàárà gan-an ni wọ́n ti ń bù ú. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ náà lè ṣòfò kí olùkọ́ rẹ̀ sì yó. Ẹni tí ó dìde ní ọgbà mọ́sáláṣí tí ó pe ara rẹ̀ ní olùgbani-nímọ̀ràn, tí kò sọ fún àwọn tí ń gbọ́ ọ pé wọ́n ń san owó fún òun lórí orí kọ̀ọ̀kan wọn, ó ti rẹ́ wọn jẹ. Ànábì wa sì ti yọ ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ.

NÍGBÀ TÍ HALÁLÌ FÚNRA RẸ̀ DI TẸ́TẸ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé forex nìkan ni à ń bá wí. Ìpín-ìdókòwò, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ṣíà, yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun tí ó mọ́, ó ra apá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ní tòótọ́: ó ní ìpín nínú ẹ̀rọ rẹ̀, nínú ilẹ̀ rẹ̀ àti nínú èrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ó tọ́, bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá gbé orí ọtí, tẹ́tẹ́ tàbí owó èlé ró. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí a fi ohun tí ó mọ́ yìí ṣe.

Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdúró ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Àwọn báńkì sáré wọ ọjà láti ta ṣíà, iye gbogbo nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbogbòò ọjà náà ti kọjá 66,000. Àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti àwọn ìyá ọlọ́jà wọ̀ ọ́ gìrìgìrì. Àwọn kan ta ilẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn báńkì yá àwọn ènìyàn ní owó èlé láti fi ra ṣíà, ṣíà náà gan-an ni wọ́n sì fi ṣe ìdúró fún gbèsè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, òṣùwọ̀n náà ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí 20,000. Ẹni tí ó fi ₦100 tirẹ̀ wọlé ní góńgó ku nǹkan bí ₦30. Ẹni tí ó fi owó èlé wọlé kò ku nǹkan kan, gbèsè sì tún wà ní ọrùn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2010, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti wá ra àwọn gbèsè tí ó ti bàjẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ní ọdún 1992, ọdún 16 ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Ilé Ìmọ̀ Òfin Ìsìláàmù ti àjọ OIC ti jókòó ní Jíddà, wọ́n sì ti sọ pé kò tọ́ kí ènìyàn fi owó èlé tí alágbàtà yá a ra ṣíà kí ó sì fi ṣíà náà ṣe ìdúró. Ìdájọ́ tí ó wà nílẹ̀ ní gbangba ni. Bí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó sí gbèsè náà bá ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì tẹ̀lé e, ìjákulẹ̀ náà ì bá dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kì bá ti wọ́n wọ gbèsè. Nítorí ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ṣíà tí ó dára, ó lè dúró. Ọjà náà padà gòkè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, òṣùwọ̀n rẹ̀ kọjá 100,000. A kò sọ èyí láti fi tàn yín, nítorí náírà ọdún 2024 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ náírà ọdún 2008. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé onígbèsè kì í ní ànfààní àtidúró. Àyálò a máa gba sùúrù lọ́wọ́ ènìyàn.

ÈYÍ TÍ KÌ Í ṢE ÒWÒ RÁRÁ

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé inú ọjà kankan. Ní ọdún 2016, MMM gba ilẹ̀ wa kan. Ará Rọ́ṣíà, Sergei Mavrodi, ni ó dá a sílẹ̀. Irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ dá ní ilẹ̀ tirẹ̀ ti fọ́ láti ọdún 1994. Wọ́n ṣèlérí ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, wọ́n sì pè é ní ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni, títí àwọn kan láàárín wa fi ń wá ẹsẹ Àlùkùránì lórí ìrànlọ́wọ́ láti fi tì í lẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àjọ NDIC sọ lẹ́yìn náà pé ₦18 bílíọ̀nù ni nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn pàdánù sínú rẹ̀. À bá rò pé ó ti tó ní ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, tí ó ń ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, tí ó sì ní ẹ̀rọ olóye ni ó ń bá òun ṣòwò, dáwọ́ owó sísan dúró. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ń kó àga àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ wá ru àga lé orí lọ sílé!

Níbi tí èrè ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ́ owó ẹni ìkẹyìn, olè ni, ohunkóhun tí wọn ì báà pè é. Ẹni tí ó sì fa ìbátan rẹ̀ wọlé nítorí owó ẹ̀yìn, kí ó lọ wá bí yóò ti dá a padà fún un kí ọjọ́ ìṣirò tó dé.

ÌJÀKADÌ TÍ Ó LE JÙ

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ọkàn. Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. Oríkì wa kò lè parí kí a má mẹ́nu bà á. Ó sì yẹ kí hádíìsì kan tí Bukhārī àti Muslim jọ gbà wọlé dùn mọ́ wa ju ará ìlú mìíràn lọ: Ànábì wa kọ́ wa pé ẹni tí ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀ kọ́ ni alágbára, ẹni tí ó lè ṣe ọkàn rẹ̀ níjàánu nígbà tí inú bá ń bí i ni.

Àìsàn mẹ́rin ni ó ń dá oníṣòwò mọ́lẹ̀. Èkíní ni ìgbéraga: ó jèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó rò pé òun ti gbọ́n ju ọjà lọ, ó sì kó gbogbo ohun tí ó ní sínú ìkẹrin. Èkejì ni ìbínú: ó pàdánù, ó sì fẹ́ gbẹ̀san lára ọjà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù: ó ta ohun tí ó dára ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé ó rí i tí àwọn ènìyàn ń sá. Ẹ̀kẹrin ni ìlara: ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ra ọkọ̀, òun náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ó sì tún yẹ kí a rántí ìṣirò kan. Ẹni tí ó bá pàdánù ìdajì owó rẹ̀, èrè ìdá 100 nínú 100 ni ó gbọdọ̀ jẹ lórí èyí tí ó kù kí ó tó padà sí ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá pàdánù ìdá 90, èrè ìlọ́po mẹ́sàn-án ni yóò máa wá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fi ìbínú padà wọlé kì í fi í sábà jáde pẹ̀lú nǹkan kan.

Nínú Sūratul-Isrā, ẹsẹ 11, Ọlọ́hun sọ pé oníkánjú ni ènìyàn. Nínú Sūratul-Hadīd, ẹsẹ 22 àti 23, Ó fi yé wa pé gbogbo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ti wà ní àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a má baà máa kárí sọ lórí ohun tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kí a má sì máa yan fanda nítorí ohun tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Kò sí olùkọ́ ọjà kan tí ó ní oògùn tí ó ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìkóra-ẹni-níjàánu tiwọn àti tiwa. Tiwọn ń sọ ọkàn ọmọ di òkúta kí ó baà lè pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́. Sùúrù Ìsìláàmù a máa fún ènìyàn ní agbára láti dìde kúrò nídìí rẹ̀. Àmì kan wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò, Ọlọ́hun ni Ó sì fi lélẹ̀ nínú Sūratul-Māidah, ẹsẹ 91: tẹ́tẹ́ a máa dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, a sì máa ṣẹ́rí wọn kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Ìwọ ọ̀dọ́, nígbà tí wọ́n bá perun Àsárì tí òwò rẹ sì ṣí sílẹ̀ lórí fóònù, ǹjẹ́ o lè gbé fóònù náà sílẹ̀? Bí o bá kí i, ta ni ó wà ní iwájú rẹ, Ọlọ́hun ni tàbí ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé? Ìwọ nìkan ni o mọ ìdáhùn rẹ̀.

OHUN TÍ A PA LÁṢẸ FÚN ARA WA

1. Má ṣe ra ohun tí o kò lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ. Bí o kò bá lè sọ ohun tí ó di tìrẹ, kò sí ohun tí o rà.

2. Má ṣe fi owó àyálò wọlé, má sì ṣe fi owó ìgbẹ́kẹ̀lé wọlé: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó àjọ, àpò mọ́sáláṣí, owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ, owó ọmọ òrukàn. Àdánù tìrẹ, àyànmọ́ ni. Àdánù owó ìgbẹ́kẹ̀lé, gbèsè ni níwájú Ọlọ́hun.

3. Má ṣe gbé gbogbo ẹyin rẹ sínú igbá kan. Ànábì Yàkúbà pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n gba ẹnu-ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé Ọlọ́hun nìkan ni ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì Yūsuf kó oúnjẹ ọdún méje pamọ́ de ọdún méje ọ̀dá. Ètò ṣíṣe kò tako ìgbáralé Ọlọ́hun.

4. Fi ìwọ̀n sí i. Nígbà tí Sa‘d ọmọ Abū Waqqās fẹ́ fi púpọ̀ nínú dúkìá rẹ̀ tọrẹ lórí àìsàn, Ànábì wa sọ fún un pé ìdá kan nínú mẹ́ta ti pọ̀, pé kí ó fi àwọn àrólé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́lọ́rọ̀ sàn ju kí wọ́n máa tọrọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé sàráà ni a fi ìdíwọ̀n sí báyìí, kí ni a óò sọ nípa ẹni tí ó kó gbogbo tirẹ̀ sínú ohun tí kò dá a lójú?

5. Pinnu ìgbà tí ìwọ yóò jáde kí o tó wọlé, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe yí i padà nígbà tí inú bá ń bí ọ tàbí tí ó bá ń dùn ọ́. Gba ìmọ̀ràn, kí o kírun ìsitikárà, kí o sì sun oorun ọjọ́ kan lé e lórí.

6. Béèrè bóyá Àjọ SEC ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sínú ìwé rẹ̀. Òfin ìdókòwò tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba àwọn tí ń ṣe òwò ìlọ́po owó, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wọn kò lè dá owó rẹ padà.

7. Ọ̀nà halálì wà. Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láìsí owó èlé láti ọdún 2012. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé sùkúùkù àkọ́kọ́ jáde, ₦100 bílíọ̀nù, láti fi ṣe ọ̀nà. Àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ìlànà ẹ̀sìn mu sì wà ní ọjà ìpín-ìdókòwò. Èrè wọn kì í yára. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣu náà kò di olówó lọ́jọ́ kan.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN ÀGBÀ

Ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa, ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọ nìkan ni a ń nà lẹ́gba. Àwọn ọmọ yìí jáde ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí iṣẹ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, owó tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ń yọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Kí ni àwa fi rọ́pò ohun tí a ní kí wọ́n fi sílẹ̀? Àpò àfowódòwò-pọ̀ mélòó ni àwọn ẹgbẹ́ wa dá sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́? Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá sì fi ọkọ̀ tuntun wá sí yídì lọ́jọ́ Ìtúnu, ta ni nínú wa tí ó bi í léèrè ibi tí ó ti rí i? Iwájú ni a fi í sí, a kí i kú oríire, a sì ní kí ó wá ṣe alága ìkówójọ. Ọ̀dọ́ mìíràn tí ó jókòó sẹ́yìn ti rí ohun tí à ń yẹ́ sí, ó sì ti mọ ohun tí òun yóò lọ ṣe.

Nítorí náà, a ń pè fún ohun mẹ́ta. Kí àwọn ìmáámù má ṣe gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òwò kankan láàyè nínú ọgbà mọ́sáláṣí mọ́ àyàfi bí olùkọ́ bá sọ ní gbangba, lójú gbogbo àwọn tí ó jókòó, ẹni tí ń san owó fún un. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀sìn àti àwọn tí wọ́n mọ ìṣirò owó láti jọ jókòó, kí ọ̀dọ́ lè rí ibi tí yóò ti béèrè kí ó tó fi owó sílẹ̀. Kí a sì fi apá kan nínú owó tí a ń ná lórí àpèjẹ dá àpò ìfowódòwò-pọ̀ sílẹ̀, èyí tí a óò jọ jẹ èrè rẹ̀, tí a óò sì jọ ru àdánù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí tí ó mọ́, kí Ó fi àlùbáríkà sí díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí ọkàn wa dá wa mọ́lẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ.